Ohun Tí Mo Ní Mo Rí

Nínú ìjọ tí mo ń lọ ní Berlin, wọn kì í ṣàdédé fi ènìyàn joyè díákónì. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn ni wọ́n fi ń kéde orúkọ ẹni náà, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kéde ìgbéyàwó. Pásítọ̀ á ka orúkọ, á ní kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tó lè dí i lọ́wọ́ dìde kó sọ ọ́, á sì dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n á tún fi ìkéde náà sórí WhatsApp gbogbo ẹ̀ka ìjọ tó wà ní Jámánì, torí pé ènìyàn lè máa ṣe bí áńgẹ́lì ní Berlin kó jẹ́ pé ibòmíràn ló ti dáràn. Ní ìparí ọdún 2018, orúkọ tèmi ni Pásítọ̀ kà.

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo fẹ́ràn oyè, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí síwájú. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wọ ọkọ̀ láti Spandau, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, lọ sí Lichtenberg ní òdìkejì ìlú, tí mò ń gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe táyà, tí mò ń darí àdúrà nínú òórùn rọ́bà. Mo rò pé ó tọ́ sí mi. Nígbà tí Pásítọ̀ dákẹ́ lẹ́yìn orúkọ mi, kò sí ẹni tó dìde. Àwọn ènìyàn yíjú wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín sí wọn.

Inú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tí mò ń padà sílé, nígbà tí iṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láti nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. “Mama Prayer, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí orúkọ yín. Hamburg ni mo wà. Mo máa pè yín.”

Mo kà á tán, mo tún un kà. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí sí Mama Prayer ní Jámánì. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní fẹ́lóṣíìpù ni, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni ní yunifásítì tí mo lọ nílé, níbi tí mo ti jẹ́ olórí àwọn tó ń gbàdúrà. Mo kọ̀wé padà, mo béèrè pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni náà kà á. Mo rí i pé ó kà á. Kò dáhùn lọ́jọ́ náà, kò dáhùn ní Monday, kò dáhùn títí ọ̀sẹ̀ fi fẹ́ parí. Ó dé ibi pé mo máa ń dojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì kí n tó lè jẹun.

Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo ṣu, mi ò sì gbàgbé tán.

Ní fẹ́lóṣíìpù wa, tí arákùnrin kan bá rí arábìnrin tó wù ú, kò gbọ́dọ̀ lọ bá a tààrà. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ló máa kọ́kọ́ lọ. Ìgbìmọ̀ á fi orúkọ àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí àwa tí à ń gbàdúrà, a ó jí ní ìdájí fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà olórí wa á wá sọ ohun tó rí. Tí ohun tó rí bá dára, wọ́n á gbà kí wọ́n máa fẹ́ra wọn. Tí kò bá dára, ó parí nìyẹn. Ẹni tí kò bá irú rẹ̀ pàdé rí lè fi wá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwa ò rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni wá, a sì gbà pé kò sí ohun tí Ọlọ́run ò ní bá wa dá sí.

Ní ọdún àṣekágbá mi, wọ́n gbé orúkọ arákùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà wá, pẹ̀lú ti arábìnrin kan tí mo fi ọdún méjì ṣíwájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mò ń ti ibùsùn wọlé, tí mò ń tì í jáde. Ìdájí àkọ́kọ́, mo sùn. Ìkejì, mo sùn. Ìkẹta, mo jí, mo jókòó, mo ní “Olúwa,” oorun sì gbé mi lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta yẹn, mo dúró níwájú ìgbìmọ̀ náà nínú kíláàsì kan. Alága bi mí pé, “Mama Prayer, kí ni Olúwa wí?” Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju pé mo sùn lọ. Ẹnu mi ò gbà á. Mi ò tíì dé iwájú wọn lọ́wọ́ òfo rí. Mo sì ti ṣàkíyèsí pé ìran tó bá dára ni àwọn ènìyàn máa ń yẹ̀ wò, wọ́n á ní ṣé ó dá mi lójú; èyí tó bá ń ba ni lẹ́rù, kò sí ẹni tó ń béèrè nǹkan kan. Mo lanu, mo ní, “Mo rí arákùnrin náà lórí ibùsùn funfun. Wọ́n tì í gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé. Mo dúró títí, wọn ò tì í jáde mọ́.”

Èmi fúnra mi ni mo ti ibùsùn náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bàbá arúgbó kan ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó jáde, ó jí, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀kọ. Ìparí rẹ̀ ni mo gé kúrò.

Mi ò nífẹ̀ẹ́ arákùnrin náà, mi ò sì kórìíra arábìnrin náà. Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Ojú ló ń tì mí láti sọ pé mo sùn, kò sí ohun míì ńbẹ̀. Ìgbìmọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn méjèèjì bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Wọ́n sunkún, wọ́n dúró fún ọdún kan, lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ṣègbéyàwó. Mo gbọ́ ọ nígbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Mo ní “Kí Olúwa ṣàánú,” mo sì ń bá oúnjẹ mi lọ. Ní bíi ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ó dùn mí, mo kúnlẹ̀ nínú yàrá mi, mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ara mi sì fúyẹ́. Ó rọrùn láti bẹ Ọlọ́run. Òun kọ́ ni mo kéde ikú fún.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, Pásítọ̀ tún ka orúkọ mi. Bó ṣe dákẹ́ báyìí ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún. Mi ò lè yíjú. Mo gbọ́ bàtà, mo gbọ́ ohun tó ń yí lórí pákó, gbogbo ara mi sì rin fún òógùn nínú yàrá tí àwọn ènìyàn ti wọ kóòtù. Ìyá ọmọ kan tó pẹ́ ni, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ bọ̀. Mo ṣe àmín tó pariwo ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi àtẹ̀gùn ni mo wà lẹ́yìn ìsìn nígbà tí fóònù dún. Mo dá ohùn náà mọ̀ kó tó sọ gbólóhùn kan tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mọ́kànlá ti kọjá. Arábìnrin yẹn ni.

“Mama Prayer, ẹ kú ìsinmi. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò pè nítorí díákónì. Ẹ máa jẹ oyè yín.”

Mo ní, “Sista mi, mo ti fẹ́ máa wá yín.” Irọ́ ni, òun náà sì mọ̀ pé irọ́ ni, ó jẹ́ kó kọjá.

“Ọkọ mi ò gbádùn,” ó ní. “Ọkàn rẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ kò pa dé mọ́. Àwọn dókítà ní iṣẹ́ abẹ tí àwọn ń ṣe lójoojúmọ́ ni, pé ó máa jáde, ó máa padà síbi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fún un ní ọjọ́, ní Termin, kò lọ. Kò fọwọ́ sí ìwé. Ó ní òun ti mọ yàrá tí òun máa wọ̀ tí òun ò ní jáde, wọ́n ti sọ ọ́ fún òun láti ilé ìwé.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Wọ́n tún ti fún un ní òmíràn, Tuesday tó máa tẹ̀ lé Sunday tó ń bọ̀. Wọ́n ní tí kò bá wá lọ́tẹ̀ yìí, kò ní pẹ́. Ẹ wá bá mi bá a sọ̀rọ̀.”

Àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń kí mi kú oríire. Wọ́n ní ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ò fọ́. Ṣe ni wọ́n sàba lé e fún ọdún mọ́kànlá.

Mo lọ bá Pásítọ̀ lọ́fíìsì kí n tó kúrò níbẹ̀. Ènìyàn rere ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, kì í gbé ara rẹ̀ ga. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dìde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

“Sista, ẹ ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ti pẹ́.”

“Ó ti parí nìyẹn. It is under the blood. Ohun tí Ọlọ́run ti gbàgbé, kí lẹ tún ń wú jáde sí?”

“Ọkùnrin náà ò gbàgbé, sà.”

Ó padà jókòó. “Ẹ lọ sí Hamburg, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n, ẹ gbàdúrà fún un. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e dé iwájú ìjọ, please. Àwọn ọ̀dọ́ yìí, tí wọ́n bá gbọ́ pé Mummy tó ń darí àdúrà ló dúró tó parọ́ mọ́ Ọlọ́run, ẹnu ta ni wọ́n tún máa gbà gbọ́?”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tù mí nínú. Nínú ọkọ̀ ni mo ti wá ń rò ó pé kò yẹ kó tù mí nínú tó bẹ́ẹ̀.

Ní Wednesday, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Spandau. Òjò ń rọ̀ títí dé Hamburg. Láti Altona, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Osdorfer Born, níbi tí wọ́n ń gbé, torí pé ọkọ̀ ojú irin ò dé ibẹ̀. Mo rí àwọn ilé gíga náà kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, aláwọ̀ eérú ni wọ́n nínú òjò, fèrèsé lórí fèrèsé. Mo dúró nísàlẹ̀ ilé wọn, mo ń wo àwọn orúkọ tó wà lára agogo ẹnu ọ̀nà. Mo rí tiwọn. Mo rìn kúrò, mo rìn dé ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, mo tún padà wá. Àgbàlagbà bíi tèmi.

Arábìnrin náà ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti gbẹ. Nílé ìwé, “ìwọ” ni mo máa ń pè é, torí pé àbúrò ni. Lọ́jọ́ yẹn “ẹ” ló jáde lẹ́nu mi. Ó gba kóòtù mi, ó gbé e kọ́, ó ní ṣé òjò ò pa mí jù. Ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn le fún mi ju èébú lọ.

Ọmọ wọn obìnrin wà ní tábìlì, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Ó máa tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá rẹ̀ ní kó kí mi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá bi mí ní èdè Jámánì, láìgbé ohùn sókè: “Sind Sie die Frau, die weiß, wann Papa stirbt?” Ó ń bi mí bóyá èmi ni obìnrin tó mọ ìgbà tí bàbá òun máa kú. Ìyá rẹ̀ ní kó wọ yàrá lọ. Ó kó ìwé rẹ̀ jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, ó ń wò mí títí tó fi pa ilẹ̀kùn.

Orí àga tó kọjú sí fèrèsé ni ọkọ wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú kọjá ibi tí ìbọ̀sẹ̀ gbà dé, ìrọ̀rí mẹ́ta ló sì fi ti ẹ̀yìn. Ojú nọ́ọ̀sì ò ṣeé dí: mo ti ka èémí rẹ̀ kí n tó kí i, mo sì mọ̀ pé àwọn dókítà yẹn ò parọ́ fún un. Ìwé tí wọ́n fẹ́ kó fọwọ́ sí, Einwilligung, wà lórí fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bírò wà lórí rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìdájí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo sùn, wọ́ọ̀dù, bàbá arúgbó, ẹ̀kọ tí bàbá náà ní kí wọ́n fún òun. Mo ní mi ò rí i lórí ibùsùn kankan. Mo ní kó dárí jì mí.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mama Prayer, ẹ dìde. Kí ẹ tó wọlé ni mo ti dárí jì yín.” Ó sinmi, ó mí. “Ṣùgbọ́n mi ò gbà yín gbọ́.”

“Ẹ̀yin ẹ gbọ́ mi, òótọ́ ni mò ń sọ.”

“Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fẹ́ yín nígbà yẹn?”

“Rárá.”

“Ìyàwó mi ńkọ́, ṣé ó ṣẹ̀ yín?”

“Kò ṣẹ̀ mí.”

“Ṣé ẹnì kan ló rán yín?” Mo mi orí. “Ẹ wò ó. Èèyàn kì í parọ́ láìnídìí. Irọ́ tí kò ní èrè, tí kò ní ọ̀tá, ibo ló ti wá? Ẹ lẹ sùn. Ṣé kì í ṣe nínú oorun ni Ọlọ́run ti máa ń fi nǹkan hàn?” Ó tún mí. “Ìyàwó mi ló bẹ̀ yín kí ẹ wá sọ báyìí, kí n lè fọwọ́ sí i. Mi ò bínú sí i. Ó fẹ́ràn mi.”

Inú bí mi. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mo fẹ́ di èjìká ọkùnrin náà mú kí n gbọ̀n ọ́n. Gbogbo ohun tí mo bá gbé kalẹ̀ ló ń gbà, tó ń yí i, tó sì ń fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé òmùgọ̀ wo nìyí. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé èmi àti àwọn bíi tèmi la kọ́ ọ, a jókòó lé wọn lórí nínú kíláàsì yẹn, a kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe bi wá léèrè nǹkan kan.

Ìyàwó sìn mí dé ibùdókọ̀. A dúró sábẹ́ òrùlé kékeré tó wà níbẹ̀, a ń wo òjò.

“Èmi náà ti dárí jì yín,” ó ní. “Kò kàn tíì parí ni. Gbogbo ìgbà tó bá wúkọ́ ni mo máa ń tún un ṣe. Mo ti dárí jì yín láàárọ̀ yìí ẹ̀ẹ̀mẹrin.”

Mo mọ̀ pé kò tọ́ kí n sunkún níwájú rẹ̀.

“Ṣùgbọ́n ìdáríjì ò lè bá wa fọwọ́ sí ìwé,” ó ní. “Ẹ sọ tàkọ́kọ́ níwájú ènìyàn, tí oyè wà lórí yín. Èyí tẹ́ ẹ wá sọ nílé wa lónìí, kò ná yín ní nǹkan kan ju owó ọkọ̀ lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá rí i tí ẹ pàdánù nǹkan lórí ẹ̀, bóyá á rò ó.” Bọ́ọ̀sì dé. Ó bá mi gbé àpò mi wọlé. “Sunday ni wọ́n máa kà yín lẹ́ẹ̀kẹta, àbí?”

Mi ò sùn dáadáa títí di ọjọ́ náà. Mo rò ó pé kí n fi fóònù ká ohùn mi sílẹ̀, mo rò ó pé kí n kọ lẹ́tà. Mo rò ó pé kí n jẹ oyè tán ná. Mo ń sọ gbogbo èrò yìí jáde kí ẹ lè mọ irú ẹni tó dìde.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, Pásítọ̀ ka orúkọ mi, ó ní kí ẹni tó bá ní ohun kan sọ kó sọ ọ́, ó sì wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Mo dìde láti ìlà kẹta. Mo ní èmi ni mo ní ohun kan sọ. Mo di àga iwájú mi mú. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní nígbà kan mo dúró ní orúkọ Ọlọ́run, mo sì kéde ikú fún ènìyàn, torí pé ojú ń tì mí láti sọ pé mo sùn. Mo ní ọkùnrin náà wà ní Hamburg, ó ń kú lọ, torí pé ó gbà mí gbọ́. Ẹnì kan ti gbé fóònù sókè, ó ń ká a. Mi ò dá a dúró. Mo rò ó pé kí ọkùnrin náà kúkú rí i.

Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Ìyá àgbàlagbà kan dìde láti apá ọ̀tún, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ nínú ìjọ, tí ọmọkùnrin rẹ̀ ti bá a jà, tó sì ti kúrò nílé. Lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n bá òun gbàdúrà, mo sì sọ fún un pé kó má pe ọmọ náà, pé Olúwa fúnra rẹ̀ á mú un padà.

“Èyí tẹ́ ẹ sọ fún èmi ńkọ́?” ó ní.

Mo wò ó. Mo ti gbàdúrà lóòótọ́ nígbà náà, ìyẹn dá mi lójú. Ohun tó tẹ̀ lé àdúrà yẹn, bóyá mo gbọ́ ọ ni o, bóyá mo kàn sọ ọ́ ni o, mi ò mọ̀ mọ́. Mo ní, “Mummy, ẹ pè é.” Ó gbé àpò rẹ̀, ó gba àárín àga kọjá, ó jáde. Pásítọ̀ ká ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ká kọrin. Láti ọjọ́ náà, wọn ò pe orúkọ mi síwájú mọ́, èmi náà ò sì bi wọ́n léèrè.

Fídíò náà ti dé Hamburg kí n tó dé Spandau. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó kọ̀wé sí mi: “Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti fọwọ́ sí i.”

Ní Tuesday yẹn, mo lọ síbi iṣẹ́. Mo ti ibùsùn wọlé, mo tì í jáde, mo ń wo aago lára ògiri. Lẹ́yìn agogo méjì, ìyàwó kọ ọ́ pé wọ́n ti gbé ọkọ òun jáde, pé ó jí, pé ó ń béèrè omi. Mo wọ yàrá tí a ń kó aṣọ ibùsùn sí, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Mo rò pé ó ti parí.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí ọkọ tó pè mí fúnra rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Saturday kan ni, mò ń pa alùbọ́sà. Ohùn rẹ̀ ti le, kì í dúró mí mọ́. Ó kí mi kú iṣẹ́ Olúwa, ó ní òun ti padà síbi iṣẹ́, ó ní ọmọ òun ti ń bá òun rìn lọ sí ilé ìwé. Mo ń ṣọpẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín.

“Mama Prayer,” ó ní, “mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí ohun tí ẹ ṣe. Ẹ ta gbogbo oyè yín nù, ẹ dojú ara yín bolẹ̀ níwájú ìjọ, kí Ọlọ́run lè yí ìdájọ́ rẹ̀ padà lórí mi. Ó sì yí i padà. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, wòlíì kéde ìparun, ìparun ò sì dé. Wòlíì náà ò parọ́.”

Mo ní, “Rárá o. Ẹ gbọ́ mi. Mi ò rí nǹkan kan nígbà yẹn. Àwọn dókítà ló—”

“Irú ìrẹ̀lẹ̀ tí mò ń sọ gan-an nìyẹn,” ó ní. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìfẹ́. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ìdí tí mo fi pè nìyí. Àwọn dókítà ní àwọn tún rí nǹkan kékeré kan, pé àwọn fẹ́ tún ṣí ọkàn mi wò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Mo ní kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín. Kí lẹ rí?”

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní kó lọ, mo ti tún di ẹni tó ń gbẹnu Ọlọ́run sọ̀rọ̀, tí nǹkan bá sì ṣe é níbẹ̀, orúkọ Ọlọ́run náà ló máa ru ẹ̀bi rẹ̀. Tí mo bá ní mi ò rí nǹkan kan, á ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mo ń wá gbólóhùn kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí ò ní lè yí. Mo ń wá a. Ìdákẹ́ mi ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bóyá ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè mí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.

“Ó ti yé mi,” ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. “Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Ẹ ṣé, Mama Prayer.”

Ó pa fóònù. Mo pè é padà, kò gbé e. Mo tún pè é. Nígbà kẹta, ìyàwó rẹ̀ ló gbé e, mo sì ń gbọ́ ọmọ tó ń sọ nǹkan ní èdè Jámánì lẹ́yìn rẹ̀.

“Sista,” ó ní, “kí lẹ tún sọ fún un?”